Orísun fóltéèjì tàbí orísun kọ́rẹ́ǹtì: èwo ló yẹ iṣẹ́ yín?

Ohun tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Fóltì mélòó ni mo nílò?" Ìbéèrè yẹn kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: tí lóòdù bá ń yí padà, kí ni a ò fẹ́ kó yí padà? Lóòdù ni mo ń pe ohunkóhun tó ń jẹ iná, ì báà jẹ́ gílóòbù, mọ́tò tàbí ṣíìpù. Tó bá jẹ́ fóltéèjì, ìyẹn agbára tó ń ti iná kọjá nínú wáyà, la fẹ́ kó dúró sójú kan, orísun fóltéèjì lẹ ń wá. Tó bá jẹ́ kọ́rẹ́ǹtì, ìyẹn iye iná tó ń ṣàn nínú wáyà, ni, orísun kọ́rẹ́ǹtì ni. Ọ̀rọ̀ owó, ooru àti ìyókù, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń tẹ̀lé.

Orísun fóltéèjì tó pé pérépéré, èyí tó jẹ́ pé inú ìwé nìkan la ti ń rí i, kì í jẹ́ kí fóltéèjì rẹ̀ yẹ̀. Tí wọ́n bá ní 5 fóltì ni, 5 fóltì ni, bóyá mílíáńpíà kan ni wọ́n fà níbẹ̀ tàbí ẹgbẹ̀rún áńpíà. Orísun kọ́rẹ́ǹtì tó pé pérépéré ti pinnu iye kọ́rẹ́ǹtì tí yóò gba inú wáyà kọjá ní tirẹ̀, iyekíye fóltì tó bá sì gbà ni yóò gbé jáde kó lè rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ra èyíkéyìí nínú méjèèjì. Gbogbo ohun tí a lè rà ló ní ìdènà nínú, ìyẹn ohun tó ń dí iná lọ́nà, tí a ń fi ohm wọ̀n. Níbi tí ìdènà inú yẹn bá ti kéré gan-an sí ti lóòdù, orísun fóltéèjì lẹ ní lọ́wọ́. Níbi tó bá ti ju ti lóòdù lọ fíìfíì, orísun kọ́rẹ́ǹtì ni.

Ẹ wo èyí ná. Bátìrì 9 fóltì kan wà lórí tábìlì. Ẹ so rẹ̀sísítọ̀ (ohun kékeré tí wọ́n ṣe láti dí iná lọ́nà) mẹ́gáohm 1 mọ́ orí rẹ̀ kan, kí ẹ wá lo òpin rẹ̀sísítọ̀ náà àti orí bátìrì kejì bí ẹnu ọ̀nà tuntun. Tí ẹ bá so wáyà lásán pọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà yìí, máíkíróáńpíà 9 ni yóò kọjá. Tí ẹ bá fi kìlóohm 10 rọ́pò wáyà náà, yóò kù díẹ̀ kó tó 9, nǹkan bí 8.91. Ìdènà lóòdù ti òdo dé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ohm, kọ́rẹ́ǹtì kò sì yẹ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bátìrì kan náà ni o, ìwà rẹ̀ ló ti yí padà pátápátá.

Ohun tí ẹ máa fi díwọ̀n wọn

Yàtọ̀ sí ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, mo máa ń wo nǹkan mẹ́rin. Ìkíní, láti ibo dé ibo ni ìdènà lóòdù lè lọ? Ìkejì, iye agbára tó máa ṣòfò di ooru, nítorí ooru ni owó tó fara pa mọ́: ó ń béèrè irin atutù, àpótí ńlá àti bátìrì tó tóbi. Ìkẹta, ṣé iná tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ la fẹ́ tàbí èyí tó ń gbọ̀n díẹ̀ kò pa wá lára? Ìkẹrin, èyí tí àwọn ènìyàn kì í rántí títí èéfín yóò fi yọ: kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí wáyà bá ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn ni pé méjèèjì kan ara wọn láìsí lóòdù láàárín, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ tó bá já?

Ìdáhùn sí ìkẹrin yìí yàtọ̀ pátápátá láàárín oríṣi méjèèjì. Ṣọ́ọ̀tì ni ọ̀tá orísun fóltéèjì. Wáyà tó já ni ọ̀tá orísun kọ́rẹ́ǹtì, torí pé yóò máa gbé fóltéèjì sókè ṣáá, kó lè fi agbára kọjá níbi tí kò sí ọ̀nà, títí agbára rẹ̀ fi máa dópin. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti máa yọ nǹkan kúrò lẹ́nu orísun fóltéèjì láìbẹ̀rù gbọ́dọ̀ tún ọwọ́ rẹ̀ kọ́ lọ́dọ̀ ìkejì.

Bátìrì

Bátìrì ló rọrùn jù, kò sì sí iná tó dákẹ́ tó tirẹ̀. Bátìrì alkaline kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1.5 fóltì, NiMH wà ní 1.2, lithium-ion wà láàárín 3.6 sí 3.7, ó sì máa ń dé 4.2 tó bá kún. Ti ọkọ̀, sẹ́ẹ̀lì òjé mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, tó bá sì kún, nǹkan bí 12.6 fóltì ni mítà máa kà.

Ṣùgbọ́n fóltì nìkan kò sọ ohun tí bátìrì lè ṣe. Ẹ to bátìrì alkaline kéékèèké mẹ́jọ tẹ̀lé ara wọn, ẹ ti ní 12 fóltì nìyẹn. Ẹ̀rọ ọkọ̀ kò ní ṣí. Tí ìdènà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá jẹ́ 0.2 ohm, gbogbo rẹ̀ di 1.6 ohm, èyí túmọ̀ sí pé tí ẹ bá tilẹ̀ ṣọ́ọ̀tì wọn, kọ́rẹ́ǹtì tó máa jáde kò ní ju 7.5 áńpíà lọ. Mọ́tò tó ń yí ẹ̀rọ ọkọ̀ lè fẹ́ igba áńpíà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì ọkọ̀ tí ìdènà inú rẹ̀ jẹ́ mílíohm 10 yóò fún un ní igba yẹn, fóltéèjì rẹ̀ yóò kàn rẹ̀ sílẹ̀ ní fóltì 2. Ìdènà inú ni ẹ ń fowó rà, kì í ṣe fóltì nìkan.

Ìdí kan náà ni ṣọ́ọ̀tì bátìrì ọkọ̀ tàbí ti lithium fi léwu gan-an. Ẹ fi fíúsì sí i, kí fíúsì náà wà nítòsí orí bátìrì. Àléébù kejì tí bátìrì ní ni pé fóltéèjì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń tán, nítorí náà kò yẹ kí ẹ fi í ṣe òṣùwọ̀n fún ohunkóhun.

Régúlétọ̀: linear tàbí switching

Tí ẹ bá fẹ́ kí fóltéèjì dúró gbọn-in, régúlétọ̀ ni ẹ máa fi sáàárín. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀.

Ti linear, bíi 7805 tó ń gbé 5 fóltì jáde, ń ṣiṣẹ́ bí rẹ̀sísítọ̀ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Fóltì tó bá ṣẹ́ kù, yóò jó o di ooru. Ẹ fún un ní 12 fóltì, kí ẹ fa áńpíà 1: wáàtì 5 ló dé ọ̀dọ̀ lóòdù, wáàtì 7 jóná lára régúlétọ̀. Láìsí irin atutù ńlá, ṣíìpù náà yóò gbóná débi pé yóò fúnra rẹ̀ dáṣẹ́ dúró. Ní ti mílíáńpíà 20 pẹ̀lú, 0.14 wáàtì péré ló ń ṣòfò, ìyẹn ò sì ju kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Ó tún ń fẹ́ kí fóltì tó ń wọlé fi nǹkan bí 2 ju èyí tó ń jáde lọ. Ó rọrùn láti rà, ó rọrùn láti so, kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀) méjì ti tó, iná rẹ̀ sì mọ́.

Ti switching ń tan iná, ó ń pa á, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ́ìlì àti kapásítọ̀ sì ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Iṣẹ́ tí 7805 fi wáàtì 7 ṣòfò lé lórí, èyí tó bá dára tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún yóò fi nǹkan bí 0.56 wáàtì ṣe é. Ó lè gbé fóltéèjì wálẹ̀, ó lè gbé e sókè, èyí tí linear ò lè ṣe láé. Ohun tó fi ń gba owó rẹ̀ padà ni gbígbọ̀n kékeré tó máa ń wà lórí iná náà. Ẹ̀rọ ohùn máa gbọ́ ọ, rédíò máa gbọ́ ọ, ẹ̀rọ tó ń wọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín máa rí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń ṣe, tí èmi náà sì fara mọ́, ni kí switching kọ́kọ́ gbé fóltéèjì wálẹ̀ dé ibi tó sún mọ́, kí linear kékeré kan wá fọ̀ ọ́ mọ́ ní ìparí.

Iná AC (èyí tó ń yí ìhà padà lemọ́lemọ́) tó ń ti ara ògiri wá náà, orísun fóltéèjì ni, ìdènà inú rẹ̀ sì kéré gan-an. Ẹ kàn rántí pé 230 fóltì tí wọ́n kọ sí i, agbára tó dọ́gba pẹ̀lú DC (iná tó ń lọ sí ìhà kan ṣoṣo, bíi ti bátìrì) ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Orí òkè ìgbì rẹ̀ ń dé nǹkan bí 325. Kapásítọ̀ tí ẹ bá fẹ́ so mọ́ ọn lẹ́yìn dáyóòdù, tó ń jẹ́ kí iná gba ìhà kan ṣoṣo, ẹ ra èyí tó lè gbà ju 325 yìí lọ.

Rẹ̀sísítọ̀ kan ṣoṣo: orísun kọ́rẹ́ǹtì olówó pọ́ọ́kú

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, torí ibẹ̀ ni LED pọ̀ jù tí ń kú sí. LED kò jọ gílóòbù àtijọ́. Tí fóltéèjì rẹ̀ bá lé díẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ a fò sókè. Ká ní LED funfun kan ń fẹ́ mílíáńpíà 20 ní 3.0 fóltì. Èkejì rẹ̀ láti inú páálí kan náà lè jẹ́ 2.8, tàbí kí èyí àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ dé ibẹ̀ bó ṣe ń gbóná.

Tí orísun yín bá jẹ́ 3.3 fóltì, rẹ̀sísítọ̀ 15 ohm ló máa fún yín ní mílíáńpíà 20. Nígbà tí LED bá di 2.8, kọ́rẹ́ǹtì ti di 33. Tí orísun bá jẹ́ 5 fóltì pẹ̀lú 100 ohm, 20 di 22 péré. Tó bá jẹ́ 12 fóltì pẹ̀lú 450 ohm, 20 di 20.4, ẹ ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí fóltì àti rẹ̀sísítọ̀ ṣe ń tóbi sí i ni orísun ń di ti kọ́rẹ́ǹtì sí i.

Ooru ni ẹ fi ń san gbèsè rẹ̀. Níbi 12 fóltì yẹn, nínú mílíwáàtì 240 tó jáde, 60 nìkan ló dé inú LED. Fún LED kan tó ń tọ́ka pé ẹ̀rọ ti tàn, kí ló kàn wá níbẹ̀? Rẹ̀sísítọ̀ ni kí ẹ lò, ẹ má wulẹ̀ náwó. Àmọ́ fún iná tó ń tan yàrá, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iná tó ń jóná lásán kò bójú mu.

Orísun kọ́rẹ́ǹtì gidi

LM317 ni mo máa ń kọ́kọ́ ronú kàn fún iṣẹ́ kékeré sí àárín. Régúlétọ̀ fóltéèjì ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kí 1.25 fóltì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ kan sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn, kí lóòdù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di orísun kọ́rẹ́ǹtì: 1.25 pín sí iye ohm. 62 ohm ń fúnni ní nǹkan bí mílíáńpíà 20, 1.2 ohm ń fúnni ní áńpíà 1 ó lé díẹ̀, rẹ̀sísítọ̀ náà yóò sì máa jó wáàtì 1.3, nítorí náà ẹ má lo ti ìdá kan nínú mẹ́rin wáàtì tó wà nínú àpótí. Ẹ fún un ní nǹkan bí fóltì 3 sí 4 ju ohun tí lóòdù fẹ́ lọ. Linear lòun náà, torí náà ooru rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti 7805.

Fún LED alágbára, ẹ ra driver onísúwíṣì tó ń ṣọ́ kọ́rẹ́ǹtì. Ó wọ́n ju LM317 lọ, kì í sì í gbóná tó o. Ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa: wọ́n máa ń kọ iye kọ́rẹ́ǹtì kan àti fóltéèjì láti ibì kan dé ibì kan. LED tí ẹ tò tẹ̀lé ara wọn gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín fóltéèjì yẹn. Ẹ má sì tan driver sílẹ̀ kí ẹ tó so LED mọ́ ọn. Láìsí lóòdù, ó ti gun fóltéèjì rẹ̀ dé òkè, kapásítọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ti kún. Tí ẹ bá fi LED kàn án báyìí, gbogbo rẹ̀ á tú lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilé iṣẹ́ ńláńlá ní ìdí mìíràn tí wọ́n fi fẹ́ràn orísun kọ́rẹ́ǹtì. Ẹ̀rọ tó ń wọn ooru tàbí ìwọ̀n omi nínú táńkì jíjìn ń fi kọ́rẹ́ǹtì mílíáńpíà 4 sí 20 ránṣẹ́. Ní ìkángun wáyà, rẹ̀sísítọ̀ 250 ohm ń sọ ọ́ di 1 sí 5 fóltì. Tí wáyà náà bá gùn débi tó fi ní 100 ohm nínú, kò yí ohunkóhun padà, torí kọ́rẹ́ǹtì tó wọlé níhìn-ín ló ń jáde lọ́hùn-ún. Ká ní fóltéèjì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ibi tó ń fa kọ́rẹ́ǹtì, wáyà á ti jẹ nínú rẹ̀. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé òdo kò sí nínú àwọn nọ́ńbà tó dára. Mílíáńpíà 4 ni "kò sí nǹkan kan nínú táńkì". Òdo túmọ̀ sí pé wáyà ti já.

Àwọn méjì tó máa ń da orí ènìyàn rú

Pánẹ́ẹ̀lì sólà ni àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ń wò ó bíi bátìrì tí oòrùn ń kún, àmọ́ orísun kọ́rẹ́ǹtì tó ní òrùlé lórí fóltéèjì rẹ̀ ni. Pánẹ́ẹ̀lì onísẹ́ẹ̀lì 36 máa ń fi nǹkan bí 21 fóltì hàn láìsí lóòdù. Láti ibi ṣọ́ọ̀tì títí dé nǹkan bí 17 fóltì, kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa ń já wálẹ̀ ṣòòròṣò. Tí ìkùukùu bá bò ó, kọ́rẹ́ǹtì ló ń dín kù, fóltéèjì ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá fi mítà wọn fóltéèjì pánẹ́ẹ̀lì nìkan, tó ní ó dára, kò tíì wọn nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀tì pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kì í bà á jẹ́, ẹ lè fi mítà tó gba iye áńpíà rẹ̀ wò ó bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni tíránsífọ́mà kọ́rẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń wọn iná ńlá, tí ẹnu rẹ̀ kejì sábà máa ń jẹ́ áńpíà 1 tàbí 5. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń kọjá nínú wáyà ńlá tó gbà á láàárín, ẹ má ṣí ẹnu kejì yẹn sílẹ̀ láé. Fóltéèjì tó lè pa ènìyàn lè yọ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ọ̀tì rẹ̀ kí ẹ tó yọ mítà kúrò.

Fún ẹni tó ń yanjú sákíìtì lórí ìwé

Níbí, kò sówó nínú ọ̀rọ̀ náà, ìrọ̀rùn ìṣirò nìkan ló kù. Léon Charles Thévenin fi hàn ní 1883 pé sákíìtì yòówù tó bá jẹ́ rẹ̀sísítọ̀ àti orísun, tí ẹ bá wò ó láti ẹnu méjì, ẹ lè fi orísun fóltéèjì kan àti rẹ̀sísítọ̀ kan rọ́pò rẹ̀. Edward Norton ṣe ti kọ́rẹ́ǹtì ní 1926. Fóltì 12 pẹ̀lú ohm 2 tó tẹ̀lé e, àti áńpíà 6 pẹ̀lú ohm 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bákan náà ni wọ́n: ẹ so 4 ohm mọ́ èyíkéyìí, áńpíà 2 ló máa kọjá. Tí ohun gbogbo bá tẹ̀lé ara wọn, ẹ lo ti Thévenin; tí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Norton. Ṣùgbọ́n ẹnu méjì yẹn nìkan ni wọ́n ti bára mu. Ẹ yọ lóòdù kúrò: ti àkọ́kọ́ kò jó nǹkan kan, ti èkejì ń jó wáàtì 72 nínú ohm 2 rẹ̀. Ẹ má fi wọ́n ṣe ìṣirò ooru inú orísun.

Gbogbo èyí tí a ti sọ jẹ́ orísun adádúró. Orísun agbáralé tún wà, tí wọ́n ń yà bí dáyámọ́ǹdì dípò òbìrípo, èyí tó ń wo ojú fóltéèjì tàbí kọ́rẹ́ǹtì ibòmíràn kó tó mọ iye tó máa gbé jáde. Mẹ́rin ni wọ́n, SPICE (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń dán sákíìtì wò) sì ti fún wọn ní lẹ́tà: E ń wo fóltéèjì, ó ń gbé fóltéèjì jáde, F ń wo kọ́rẹ́ǹtì, kọ́rẹ́ǹtì ló ń gbé jáde, G ń wo fóltéèjì, ó ń gbé kọ́rẹ́ǹtì jáde, H ni òdìkejì G. Op-amp (ṣíìpù tó ń sọ fóltéèjì kékeré di ńlá), E ni kí ẹ fi yà á. MOSFET (tíránsísítọ̀ tí fóltéèjì ń darí), G ni. Ní ti tíránsísítọ̀ bipolar, ìwé fẹ́ràn F pẹ̀lú beta (iye ìlọ́po tí kọ́rẹ́ǹtì tó ń jáde fi ju èyí tó ń darí rẹ̀ lọ), àmọ́ èmi yóò mú G: beta máa ń yàtọ̀ gan-an láti tíránsísítọ̀ kan sí òmíràn, nígbà tó jẹ́ pé mílíáńpíà 1 nínú rẹ̀ máa ń fúnni ní nǹkan bí mílíáńpíà 40 fún fóltì kan, irú èyí tó wù kó jẹ́. Tí ẹ bá ń wá ìdènà Thévenin, ẹ fi wáyà rọ́pò orísun fóltéèjì adádúró, ẹ gé ti kọ́rẹ́ǹtì, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan dáyámọ́ǹdì.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ agbélọ́wọ́ tí kò jẹ iná púpọ̀: bátìrì àti linear kékeré. Tí kọ́rẹ́ǹtì bá ń sún mọ́ áńpíà kan, tàbí tí àlàfo láàárín fóltì tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde bá tóbi, switching ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ̀rọ ohùn àti ti ìwọ̀n: switching, kí linear tẹ̀lé e.

LED atọ́ka, rẹ̀sísítọ̀. LED tó ń tan yàrá, driver. Ẹ̀rọ tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, mílíáńpíà 4 sí 20.

Ẹni tó fẹ́ máa ṣájì lithium-ion nílò méjèèjì nínú ẹ̀rọ kan: kọ́rẹ́ǹtì tó dúró sójú kan títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi dé 4.2 fóltì, lẹ́yìn náà fóltì 4.2 tó dúró sójú kan títí kọ́rẹ́ǹtì yóò fi rọ̀. Ẹ ra ṣíìpù tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yẹn, ẹ má fi LM317 dán an wò.

Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni owó yín lè rà fún tábìlì iṣẹ́, ẹ ra power supply tó ní bọ́tìnì CV (fóltéèjì tó dúró sójú kan) àti CC (kọ́rẹ́ǹtì tó dúró sójú kan). Ẹ yí fóltéèjì sí iye tí ẹ fẹ́, ẹ yí ààlà kọ́rẹ́ǹtì sí ìwọ̀n tó ju ti sákíìtì yín lọ díẹ̀, kí ẹ tó so wáyà. Tí iná CC bá tàn lójijì nígbà tí kò yẹ kó tàn, ẹ pa á, ẹ lọ wá ibi tó ṣọ́ọ̀tì.